Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Ẹsẹ̀ Rìn Yí Ìfọ́n àti Ìlobùú Ká

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a kò fẹ́ mú ọ̀rọ̀ òkèèrè wá. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni a mú wá: ẹsẹ̀ tí Ẹlẹ́dàá fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tí a kì í ra epo sí, tí a kì í sì í gba ìwé àṣẹ kí a tó lò ó.

Nígbà tí àwa wà ní ọmọdé, kò sí ẹni tí ó ń ka ìrìn sí eré ìdárayá. Ìrìn ni a fi ń gbé ilé ayé. A rìn lọ sí oko ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a sì ru igi bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. A rìn lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú síléètì ní abíyá. Àwọn ìyá wa sì ń ti ọjà kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti igbá lórí. Lónìí ọ̀kadà ti gba ipò ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le kokooko yóò dúró nínú oòrùn fún ìṣẹ́jú 15, kí ó lè rí ọ̀kadà tí yóò gbé e dé ibi tí ìbá ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ní ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá di àgbà tán, yóò máa sọ pé eékún ń dun òun, ẹ̀jẹ̀ òun sì ń ru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ka ìrìn kánmọ́kánmọ́ mọ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún ni. Ta ni nínú wa tí kò lè rí i?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú kéékèèké tí ọjà wọn wà láàárín oko fẹ́ràn ìrìn yìí púpọ̀. Wọn a kọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó yí ìlú wọn ká sínú ìwé pẹlẹbẹ, wọn a júwe afárá àti pápá àgùntàn tí ènìyàn yóò kọjá, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí yóò fi rìn ín láìṣìnà, tí yóò sì padà dé ọjà kí ebi tó pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹ̀tọ́ yìí bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lásán. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ rìn wọ orí òkè Kinder Scout, tí àwọn onílẹ̀ ti sé mọ́ aráàlú. A mú díẹ̀ nínú wọn, a sì sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1949 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó ṣe òfin pé kí a kọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ sí orí máàpù, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ọgbà dí wọn.

Àwọn baba wa kò nílò irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà oko, ọ̀nà odò, ọ̀nà ọjà: gbogbo ayé ni ó ni wọ́n. Ẹnìkan lè ni ilẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹlòmíràn ni ti ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ni ọ̀nà. Bí koríko bá bò ó, àwọn tí ó ń gbà á ni yóò kó àdá jáde, tí wọn yóò jùmọ̀ yẹ̀nà náà. Ọ̀nà tí a kò bá sì rìn mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, nítorí ìdí rẹ̀ ni a fi kọ gbogbo èyí tí ó kù.

Ìlú Méjì Tí Ó Fara Kan Ara Wọn

Ìfọ́n àti Ìlobùú wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá ti Òṣogbo bọ̀ yóò kọjá ní Òkìnní, yóò sì dé Ìlobùú lẹ́yìn nǹkan bí máìlì 8. Bí ó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, Ìfọ́n ni. Ìfọ́n ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orólù, Olúfọ́n sì ni oyè ọba rẹ̀. Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Olóbùú sì ni oyè ọba tirẹ̀. Ẹ fi etí sí orúkọ náà dáadáa: Ìrẹ́pọ̀dùn. A ó tún padà sí i.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le. Kò sí òkè gíga tí ó ń gbé ènìyàn mì lẹ́mìí. Ibẹ̀ ni igbó ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ń tán lọ, tí ọ̀dàn ilẹ̀ òkè sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ojú kì í sú ohun tí ó ń wò. Ní àfonífojì, ẹ ó rí kòkó àti obì lábẹ́ òjìji. Ọ̀pẹ wà káàkiri. Bí ẹ bá sì ti ń kọjú sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàárín ebè iṣu àti ẹ̀gẹ́.

Kí ọkọ̀ tó pọ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń ná gbogbo ọ̀nà yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, orí ni àwọn ará ìlú tí ó yí i ká fi ń ru ẹrù oko lọ bá a. Ẹ wo bí ó ti rí: ìrìn máìlì 8 ní àlọ, máìlì 8 ní àbọ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí, wọn a sì tún gún iyán nígbà tí wọ́n bá délé. Ìrìn tí àwa ń júwe fún yín lónìí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wọn.

Ìrìn Kìíní: Láti Ojúde Olúfọ́n dé Ojúde Olóbùú

Èyí ni ó rọrùn jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ojúde ààfin Ìfọ́n ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì kọjú sí Ìlobùú. Ẹni tí ó bá mú ọmọdé dání yóò rìn ín ní nǹkan bí wákàtí kan, bí kò bá sí pé àwọn ọmọ náà dúró níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì dúró níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró. Ojú ọ̀nà yìí ni ilé-ìwé ìkíni. Bí wọ́n bá kan obìnrin tí ó ń di irun, kí wọ́n wí pé, “Ojú gbooro o!” wọn yóò sì gbọ́ ìdáhùn pé, “Òòyà á yà á o!” Bí wọ́n bá kan ẹni tí ó ń lọ sí oko, kí wọ́n wí pé, “Àroko-bọ́dúndé o!” Bí ó bá jẹ́ ọdẹ ni, “Àrìnpa o!” Ọmọ tí ó bá rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀mẹwàá yóò mọ ìkíni ju ọmọ tí ó ka ìwé mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó ń gun ọ̀kadà kì í kí ẹnikẹ́ni. Eruku ni ó ń fi kí wọn.

Ní ọjọ́ kan, ó ti pẹ́ díẹ̀, àwa kó ọmọ méjìlá láti kíláàsì wa gba ọ̀nà yìí. Ọmọbìnrin kan nínú wọn béèrè pé, “Tíṣà, níbo gan-an ni Ìfọ́n parí sí, kí Ìlobùú tó bẹ̀rẹ̀?” A wo ọ̀tún, a wo òsì. Ilé wà níwájú, ilé wà lẹ́yìn. A kò rí èsì fún un, ni a bá yà sí ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, a ní kí ó bá wa dá ọmọ náà lóhùn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, Tíṣà. Ẹ̀wà tí mo fi ṣe àkàrà yìí, Ìfọ́n ni mo ti rà á. Igi tí mo fi ń dáná, Ìlobùú ni. Epo ńkọ́? Àbúrò mi ni ó gbé e wá láti Erin. Ẹ jẹ àkàrà yín kí ó tó tutù, ẹ̀yin ọmọ mi.” Àwọn ọmọ jẹ àkàrà. Kò sí ẹni tí ó tún béèrè ààlà mọ́ ní ọjọ́ náà.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Sí Ọ̀nà Náà

A kò lè kọ̀wé lórí ọ̀nà yìí, kí a sì ṣe bí ẹni pé a kò mọ ohun tí ó dé bá a. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà ti pẹ́ láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí. Ní ọdún 2024 àti ọdún 2025 ó tún di ìjà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn ènìyàn sá kúrò nínú ilé baba wọn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì fi òfin kónílé-ó-gbélé de àwọn ìlú náà. Ọ̀nà tí ọmọdé ti ń kí ìyá alákàrà wá di ọ̀nà tí àgbà ọkùnrin kò lè gbà.

Àwa kì í ṣe adájọ́, a kò sì ní í sọ nínú ìwé yìí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ wà, àwọn ọba wà, ìjọba wà. Àwọn baba wa sọ pé ahọ́n àti ẹnu a máa jà, ṣùgbọ́n a kò tí ì gbọ́ pé ahọ́n kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò ní ẹnu rí. Ìfọ́n kò lè gbé ara rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni Ìlobùú, bẹ́ẹ̀ ni Erin-Ọ̀ṣun. Wọ́n ti fẹ́ ara wọn ní ọkọ àti aya. Ọmọ ìyá kan náà wà ní ìhín àti ní ọ̀hún. Nítorí èyí ni a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jáde, kí ẹ rìn.

Ìrìn Kejì: Sí Odò Ẹrinlẹ̀

Odò Ẹrinlẹ̀ kò jìnnà sí Ìlobùú. Ó ń ṣàn lọ sí ìhà Ẹdẹ, kí ó tó wọ inú Ọ̀ṣun. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nígbà tí omi bá fà, tí ẹrẹ̀ sì ti gbẹ. Ẹ ó rí ẹyẹ púpọ̀ ní etí omi, lékeléke nínú koríko, àti àwọn apẹja bí wọ́n ti ń tún àwọ̀n wọn ṣe.

Ìtàn tí àwọn àgbà Ìlobùú ń sọ ni pé ọdẹ kan ni Ẹrinlẹ̀. Òun ni ó fi ibi tí ìlú wà han Láarósìn, ẹni tí ó tẹ̀ Ìlobùú dó, ó sì dúró tì í ní ọjọ́ ìpọ́njú, títí ó fi wọ ilẹ̀, tí ó sì di odò. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ bọ odò. A sọ ọ́ nítorí pé ìtàn náà ní ẹ̀kọ́ nínú fún onígbàgbọ́ pàápàá: ìlú kan rántí pé àlejò tí ó ń rin igbó ni ó ṣe òun ní oore ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Ulli Beier, tí ó wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1950, kúrò ní ìlú ńlá, ó sì gbé ní Ẹdẹ àti ní Ìlobùú kí ó tó fi ìdí kalẹ̀ ní Òṣogbo. Ní ọdún 1957 ó tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ère igi Ìlobùú. Kò sí ohun tí ó fi rí àwọn ère wọ̀nyí bí kò ṣe pé ó ń rìn láti agboolé dé agboolé, ó ń jókòó, ó sì ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí ojú kí ó tì wá díẹ̀ pé àlejò mọ ojú ilé wa jù wá lọ.

Kí ẹ tó kúrò ní etí odò, ẹ rán àwọn ọmọ létí pé omi yìí ni a sé sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí a ń sẹ́ kí ó mọ́, tí a sì ń fà gba inú páìpù lọ sí Ẹdẹ, Òṣogbo àti àwọn ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá da ìdọ̀tí sí i ní ìhín, inú ife ẹlòmíràn ni ó dà á sí.

Ìrìn Kẹta: Sí Erin-Ọ̀ṣun

Ẹ má ṣe da àwọn Erin pọ̀. Erin-Ilé wà ní Ìpínlẹ̀ Kúwárà. Erin-Ìjẹ̀ṣà ni èyí tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Erin-Ọ̀ṣun ni èyí tí ó wà lẹ́bàá Ìlobùú, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà, tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láìsinmi.

Ìlú àwọn onílù ni. Àwọn ọmọ Àyàn ibẹ̀ mọ bàtá àti dùndún dé ojú àmì. Làmídì Àyánkúnlé, ọmọ Erin-Ọ̀ṣun, gbé bàtá ìlú yìí dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀mọ̀wé òkèèrè sì wá jókòó ní ìlú náà láti kọ́ ọ. Bí ẹ bá rìn dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó lè ṣe é ṣe kí ẹ gbọ́ ọmọ kékeré kan tí ó ń kọ́ bí a ti ń fi ọ̀pá lu awọ. Yóò ṣì í lù, bàbá rẹ̀ yóò tún un sọ fún un, yóò sì tún un lù. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ. Ìlù tí a ń gbọ́ níbi ìgbéyàwó ní Ìfọ́n àti ní Ìlobùú, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá. Ìlù kì í bi onílé pé ìlú wo ni ó ti wá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ìrìn Kẹrin: Ọ̀nà Oko

Èyí ni àwa fẹ́ràn jù. Ẹ yà kúrò ní títì ńlá, ẹ gba ọ̀nà tóóró tí ó wọ inú oko. Ẹ rìn ní ẹsẹẹsẹ, kí àgbà wà níwájú, kí àgbà sì wà lẹ́yìn, kí àwọn ọmọ wà láàárín.

Ohun méjì ni kí ẹ fi han àwọn ọmọ níbẹ̀. Èkíní ni ààlè: ìkarahun ìgbín, ìgbálẹ̀ ògbó tàbí àkísà tí a so mọ́ igi eléso tàbí tí a gbé lé igi ìdáná tí a tò jọ. Kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń wí pé, “Ẹni kan ni ó ni mí, má ṣe fọwọ́ kàn mí.” Àwọn baba wa tí kò kàwé lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn sì lè kà á. Èkejì ni pèrègún. Igi yìí ni a ń gbìn sí ojú ààlà, nítorí pé kò tètè kú, ewé rẹ̀ sì ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo koríko bá ti gbẹ.

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìjà yìí, a mú àwọn ọmọ wa gba ọ̀nà oko kan, títí a fi dé ìdí pèrègún. Bàbá arúgbó kan wà ní òdìkejì, ará ìlú kejì ni, a kò mọ̀ ọ́n rí. Ó rí i pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ náà. Ó bu omi tútù nínú àmù fún wọn, ó sì yọ iṣu sísun nínú iná fún wa. A dọ̀bálẹ̀, a dúpẹ́. A wá bi í pé, “Bàbá, ṣé ààlà yìí kì í dá wàhálà sílẹ̀?” Bàbá náà wí pé, “Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti ẹni tí ó ń dáko ní òdìkejì ti jọ wà níhìn-ín. Bí iṣu rẹ̀ bá ta gba abẹ́ pèrègún wọ ọ̀dọ̀ mi, a ó wà á, a ó pín in. Bí a bá ń jà lórí iṣu, ta ni yóò bá mi gbé igi bí ó bá wó lé mi?”

Lẹ́yìn tí òfin kónílé-ó-gbélé ti tán, a tún gba ọ̀nà náà. A kò lè dé ìdajì. Koríko ti bò ó, wèrèpè sì ti fà kọjá láti ìhín dé ọ̀hún. A ń wo orí pèrègún ní ọ̀kánkán, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n èéfín kò rú ní ahéré bàbá náà. Wọ́n sọ fún wa pé ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Òṣogbo. A padà sí ilé láìsọ̀rọ̀.

Àwọn Tí Ó Ti Rìn Ṣáájú Wa

Ìtàn ìrìn kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, mú dání, tí àwọn ọmọ wọn sì ń sọ títí di òní. Wọ́n ní ọba arúgbó Ìfọ́n, ẹni tí wọ́n ń pè ní Oxalufã níbẹ̀, èyíinì ni Òrìṣà Olúfọ́n, mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù da epo, èédú àti àdín sí i láṣọ ní ọ̀nà. Kò bínú, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì ń lọ. Nígbà tí ó súnmọ́ ìlú, ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó sọnù, ó mú un kí ó lè dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí i, wọ́n pè é ní olè, wọ́n lù ú, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún 7. Ọdún 7 náà ni òjò kò rọ̀ dáadáa, tí irúgbìn kò sì so. Nígbà tí Ṣàngó wádìí, tí ó sì rí àlejò rẹ̀ nínú túbú, ó pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ funfun, kí wọ́n lọ pọn omi ní ìdákẹ́jẹ́, kí wọ́n fi wẹ àgbà náà, kí wọ́n sì tọrọ ìdáríjì. Ní ọdọọdún ni wọ́n ṣì ń pọn omi náà ní Bàhíà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, a kò sì fi kọ́ yín ní ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìtàn tí orúkọ Ìfọ́n wà nínú rẹ̀, tí ó kọjá òkun, ìtàn ẹni tí a ṣẹ̀, tí kò gbẹ̀san ni, ìtàn ọba tí ó ṣẹ̀, tí ó sì gbà pé òun ṣẹ̀ ni.

Bí ẹ bá ń fẹ́ èyí tí a kọ sínú ìwé ìtàn, ẹ rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Kí ó tó jẹ́ òǹkọ̀wé, ìránṣẹ́ àlàáfíà ni. Ní ọdún 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó ni Gómìnà Èkó rán sí àwọn àgọ́ ogun Kírìjì. Wọ́n ń lọ sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn, wọ́n ń lọ sí ọ̀dọ̀ Èkìtìparapọ̀, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí ó ti ń pa ara wọn fún ọdún bíi mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àlàáfíà kò fò wá; ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó gbé e wá.

Bí A Ti Ń Rìn Ín

Ìmọ̀ràn díẹ̀ nìyí kí a má baà fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ wá ìròyìn lẹ́nu àwọn ará ilé kí ẹ tó jáde. Bí a bá ní kí ẹ má lọ ní ọjọ́ kan, ẹ má lọ. Ẹ jáde ní kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò àti ẹ̀gún, ẹ sì mú omi dání. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohun tí a so ààlè mọ́, àti èyí tí a kò so ààlè mọ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ wọ oko, ẹ ké sí olóko láti òkèèrè, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dáhùn. Ní pàtàkì, ẹ kí gbogbo ènìyàn tí ẹ bá pàdé, kí ẹ tó mọ ìlú tí ó ti wá.

Bí ó bá sì ṣe é ṣe, ẹ má ṣe dá rìn. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Kí ìdílé kan ní Ìfọ́n ránṣẹ́ sí ìdílé kan ní Ìlobùú, kí wọ́n pàdé ní àárín ọ̀nà, kí wọ́n sì jọ rìn dé Erin. Àwọn tí ó sọ ìjọba ìbílẹ̀ náà ní Ìrẹ́pọ̀dùn mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ìrẹ́pọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n a kì í mọ adùn oyin nípa kíka orúkọ rẹ̀ lára ìgò. A ní láti tọ́ ọ wò.

A fẹ́ fi ìròyìn kan parí ọ̀rọ̀ wa. Ní Sátidé tí ó kọjá, àwa àti àwọn ọmọ wa mú àdá, a tún lọ sí ọ̀nà oko wa àtijọ́. A ṣán koríko, a gé wèrèpè pẹ̀lú ìṣọ́ra, òógùn bò wá, títí a fi dé ìdí pèrègún ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá. Nígbà tí a gbé ojú sókè, a rí i pé ọ̀nà ti òdìkejì mọ́. Ẹni kan ti yẹ̀ ẹ́ láti ọ̀hún wá, kò tí ì ju ọjọ́ méjì lọ, nítorí pé koríko tí ó gé kò tí ì gbẹ. A kò rí ẹni náà. A fi iṣu méjì sí ìdí pèrègún, a sì padà sí ilé.

Bí ẹ̀yin náà bá ní ọ̀nà kan tí ó ti ń kú lẹ́bàá ilé yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mú àdá, kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́. Ẹ kú ìrìn o.